Gọ́tà Tí Kánsù Gbẹ́ Sílẹ̀



Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé iṣẹ́ kánsù ni ìtọ́jú ọjà àti gọ́tà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé wọn ò kàn tún un ṣe ni, ẹjọ́ yẹn le. Tí òṣìṣẹ́ wọn bá gbẹ́ gọ́tà lẹ́nu ìsọ̀ yín ní Ijanikin níbí, tí wọn ò bò ó, tí wọn ò fàmì sí i, tí ẹsẹ̀ oníbàárà sì kán, àwọn ló fa ewu náà. Ẹjọ́ ti wà ńbẹ̀ nìyẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé oṣù mẹ́ta péré ni òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún wa láti fi pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 1998, nínú ẹjọ́ Ibrahim pẹ̀lú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ Kaduna, kóòtù tó ga jù sọ pé ààbò náà kan iléeṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, oṣù mẹ́ta á ti lọ mọ́ ọn lórí! Ẹ ya fọ́tò ihò náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ gba orúkọ ẹni tó rí i, ẹ tọ́jú rìsíìtì ọsibítù. Kí ẹ sì ti rí lọ́yà kó tó pé oṣù kan.