Pákó Lára Ògiri: Kí Ló Wà Lẹ́yìn Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ pákó tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri inú ilé la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ ti rí i lórí Instagram: pákó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò lóòró sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, tí iná kékeré ń tàn lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan nínú yín ti bi mí pé ṣé ó tó ohun téèyàn ń náwó lé, àbí fáàrí lásán ni.

Èmi ò gbà pé fáàrí lásán ni. Ẹ ṣáà ń gbọ́ ohùn mi. Búlọ́ọ̀kù ni ògiri yàrá tí mo ti ń ṣe ètò yìí, táìlì ni ilẹ̀, POP ni òkè. Tí mo bá ní "ẹ kú" tẹ́lẹ̀, yàrá á tún un sọ fún mi. Nígbà tí kápíńtà wá kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ògiri kan ṣoṣo, tó ta aṣọ tó nípọn sẹ́yìn rẹ̀, gbohùngbohùn yẹn dín kù gan-an. Aṣọ yẹn ń gbé ohùn mì, pákó sì ń tú èyí tó kù ká. Nítorí náà, tó bá jẹ́ torí ohùn lẹ ṣe fẹ́ ẹ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lẹ pákó pẹlẹbẹ mọ́ ògiri gbagidi. Ẹwà nìkan nìyẹn máa fún yín.

Ooru ńkọ́? Ẹ fọwọ́ kan ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ooru tó ti mu láti ọ̀sán ló ń tú sínú yàrá yín lóru. Igi kì í gbé ooru kọjá kíákíá bíi ti kọnkéré, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín òun àti ògiri sì tún ń ràn án lọ́wọ́. Kò lè rọ́pò fáànù o.

Ọ̀rinrin ni wàhálà ibẹ̀. Àbúrò mi obìnrin gba ilé kan l'Ékòó. Nínú fọ́tò tí ajẹ́ǹtì fi ránṣẹ́, ògiri kan ń dán gbinrin bí igi gidi. Ó san owó ọdún kan. Kò pẹ́ tó kó wọlé ni ọmọ rẹ̀ tó ní ikọ́ fée bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ mọ́jú. Nígbà tá a tú pánẹ́lì kan, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ti bu, ó ń rùn. Páìpù ilé ìwẹ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri ló ń jò. Dípò kí lanlọ́ọ̀dù tún páìpù ṣe, ṣe ló ní kí wọ́n bò ó.

Àwọn tó ń ta pánẹ́lì náà á máa sọ fún yín pé, "Ògiri ń rin? Ẹ bò ó." Irọ́ ni. Omi ò lọ síbì kankan. Ibi tí ì bá ti gbẹ lẹ dí mọ́ ọn.

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wá ọ̀rá tí èèyàn lè rí òdìkejì rẹ̀, kó fẹ̀ bí abala ìwé ìròyìn. Ẹ fi sẹlotéèpù lẹ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ mọ́ ògiri, kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 2. Tí omi bá sẹ̀ síhà tó kọjú sí ògiri, ògiri ń rin nìyẹn. Tó bá jẹ́ iwájú ni omi wà, inú afẹ́fẹ́ yàrá ni ọ̀rinrin wà. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹni tó kàn lọ wo ilé ò ní ráyè ọjọ́ 2. Kó fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ògiri, kó gbóòórùn, kó sì béèrè ohun tó wà lódìkejì. Tó bá jẹ́ ògiri tó pààlà pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ nìkan ni wọ́n bò, ẹ béèrè ìdí.

Tí ògiri bá gbẹ, ẹ gba ọjà pákó lọ. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, àmọ́ ikán ò ní pẹ́ jẹ ẹ́, ẹ fi oògùn kùn ún dáadáa. Ìrókò àti apá le sí ikán, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo, owó wọn sì ga. Ìta ni kí wọ́n ti gé ìrókò, torí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń yọ imú lẹ́nu. Tó bá jẹ́ plywood, fẹ́ẹ̀tì 4 sí 8 ni ọ̀kan, nítorí náà 3 ló máa bo ògiri tó fẹ̀ ní fẹ́ẹ̀tì 12, tó sì ga ní 8. Kí pákó wà nínú yàrá fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó kàn án, torí igi máa ń sún kì lásìkò ọyẹ́. Ẹ má gbé e sún mọ́ sítóòfù gáàsì rárá.

Ẹ̀yin ayálégbé, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí kápíńtà kọ́kọ́ kàn mọ́ ògiri, kó wá fi ìṣó onírin yíyí mú pákó mọ́ ọn, kó má lo gọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó jáde, ẹ tú u, ẹ gbé e lọ. Kẹ́ ẹ sì gba àṣẹ lanlọ́ọ̀dù lórí WhatsApp, kó má baà sọ pé òun ò mọ̀ sí i.

Ẹni tó bá ti lẹ ọ̀rá mọ́ ògiri, kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Mo fẹ́ mọ iye ògiri tó ń rin láàárín àwa tá a jọ wà lórí ètò yìí.