Ewu Tí Ń Bẹ Nínú Fífi Ọtí Líle Sílẹ̀ Lójijì



Gbogbo wa ni a mọ ibi tí ọtí líle ń ṣe fún ẹni tí ó ń mu ún. Ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe ti mímu, bí kò ṣe ti fífi sílẹ̀. Nítorí ọ̀mùtí tí ó ti ń mu ògógóró láti òwúrọ̀ di alẹ́ fún ọdún pípẹ́, tí ó sì búra lọ́jọ́ kan pé òun kì yóò fi ẹnu kàn án mọ́, lè kú nínú ọ̀sẹ̀ náà gan-an.

Ẹ gbọ́ bí ó ti rí. Ọtí a máa mú ọpọlọ tòògbé; ọpọlọ náà a sì máa sa ipá tirẹ̀ láti wà lójúfò. Lójoojúmọ́ ni àwọn méjèèjì ń fa okùn yìí. Bí ọtí bá jọ̀wọ́ okùn lójijì, ọpọlọ a ṣubú sẹ́yìn. Láàárín wákàtí 6 sí 24, ọwọ́ a bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, oorun a dá lójú. Kí ọjọ́ 2 tó pé, gìrì bí ti wárápá lè gbé e ṣánlẹ̀. Láàárín ọjọ́ 2 sí 4, èyí tí ó burú jù lè dé: ara a gbóná, ọkàn a máa lù kìkì, kì yóò mọ ibi tí ó wà, a sì máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Èyí ni Thomas Sutton, oníṣègùn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pè ní delirium tremens nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1813.

Àwọn kan rò pé àìjẹun ni ó ń fà á. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1955, Harris Isbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lexington, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìròyìn kan jáde: wọ́n fún àwọn ọkùnrin kan ní ọtí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n sì bọ́ wọn dáradára. Nígbà tí wọ́n dá ọtí náà dúró, ìwárìrì, gìrì àti ìrànrán dé síbẹ̀síbẹ̀.

Ẹ wo ohun tí a sábà máa ń ṣe láàárín wa. A ní ẹ̀mí àìmọ́ ni, tàbí wèrè. A dè é mọ́lẹ̀, a fi oúnjẹ àti omi dù ú ní orúkọ ààwẹ̀. Ará, àdúrà dára. Ẹ máa gbà á bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Níbẹ̀, dókítà yóò fún un ní diazepam tàbí chlordiazepoxide, oògùn tí yóò di okùn náà mú ní ipò ọtí, tí a ó sì máa dín kù díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. A ó gún un ní abẹ́rẹ́ fítámì B1, nítorí bí kò bá tó lára ọ̀mùtí, ìrìn rẹ̀ a dàrú, iyè rẹ̀ sì lè ra títí láé. A ó fún un ní omi àti iyọ̀ tí ara rẹ̀ ti pàdánù. Nígbà kan rí, àrùn yìí ń pa tó ẹni 1 nínú 3 níbòmíràn; ìtọ́jú tí ó yẹ ti sọ ọ́ di ẹni díẹ̀ péré nínú 100.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá wí fún yín pé òun fẹ́ fi ọtí sílẹ̀, ẹ bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi í bí ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n ní òwúrọ̀ kí ó tó mu. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dá a dúró lójijì nínú ilé; ẹ kọ́kọ́ mú un tọ dókítà lọ. Kò yẹ kí ẹni tí ó ti pinnu láti yí padà kú lọ́wọ́ wa nítorí àìmọ̀.