Ìṣẹ́jú Àkọ́kọ́ Ọmọ Tuntun

Ọmọ tí a bí tí kò ké kì í ṣe òkú ọmọ. Ó lè dẹ̀ bí aṣọ tí a rẹ sómi, kí àwọ̀ rẹ̀ ṣú, kí ó má mira rárá, síbẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ ṣì máa lù. Afẹ́fẹ́ ni ó ń wá, kò sì lè dúró dè é pẹ́.

Nínú ìyá rẹ̀, omi ni ó kún ẹ̀dọ̀fóró ọmọ. Láti ara ibi, gba inú ìwọ́, ni ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti dé ilé ayé, mímí àkọ́kọ́ ni yóò ti omi yìí kúrò kí afẹ́fẹ́ lè gba ipò rẹ̀. Nínú ọmọ 100 tí oṣù wọn pé, nǹkan bí 85 ni yóò mí fúnra wọn. Nǹkan bí 10 mìíràn yóò mí bí a bá fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n, tí a sì fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn wọn. Àwọn bíi 5 tí ó kù ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Wọn á dorí ọmọ kodò, wọn á gbá a ní ìdí, ẹlòmíràn a sì da omi tútù sí i lára. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń gbé afẹ́fẹ́ dé ẹ̀dọ̀fóró. Omi tútù tilẹ̀ ń dá kún ìnira ọmọ ni. Àpò rọ́bà kékeré kan tí a ń fi ọwọ́ fún ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, ó ní ìbòmú tí ń bo ẹnu àti imú ọmọ. Láti 1956 ni irú rẹ̀ ti jáde ní ilẹ̀ Denmark. Agbẹ̀bí yóò tẹ́ ọmọ sílẹ̀, ojú rẹ̀ sókè, yóò gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, yóò sì máa fún àpò náà ní nǹkan bí ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú kan. Àyà ọmọ ni yóò máa wò. Bí àyà náà kò bá gbéra, afẹ́fẹ́ kò wọlé nìyẹn. Kí ó tún orí àti ìbòmú tò. Ó yẹ kí èyí ti bẹ̀rẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé lẹ́yìn ìbí. Ẹni tí ó fẹ́ pe ìrun sí etí ọmọ, kí ó dúró kí ọmọ mí ná.

Kò dìgbà tí ọ́síjìn inú àgbá bá wà. Ní 2012, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé afẹ́fẹ́ lásán ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé. Ní Tanzania, nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn agbẹ̀bí ilé ìwòsàn 8 ní iṣẹ́ yìí, ikú ọmọ láàrin wákàtí 24 dín kù ní ìdá 47 nínú 100, gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tí ó jáde ní 2013. Iye àwọn tí wọ́n kà sí ọmọ tí a bí lókùú náà dín kù ní ìdá 24. A jẹ́ pé àwọn kan wà nínú wọn tí kò tíì kú.

Kò sí agbẹ̀bí tí ó lè máa wá àpò kiri nígbà tí orí ọmọ bá ti yọ. Ọkọ tí aya rẹ̀ lóyún, kí ó lọ sí ibi tí wọn yóò bí sí ṣáájú oṣù ìkúnlẹ̀, kí ó béèrè: Ǹjẹ́ àpò náà wà? Ṣé ìbòmú rẹ̀ kéré tó ti ọmọ tuntun? Ta ni ó mọ̀ ọ́n lò, ṣé ó sì máa ń wà níbẹ̀ lóru?