Ilé ìlú kì í parí lọ́jọ́ tí a bá ṣí i

  Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ ohun ìní ìlú ni mo bá wá lónìí.

Nígbà tí wọ́n bá ń ṣí ilé ìwé tuntun, gbogbo wa là ń lọ. A ó lu ìlù, wọn á gé okùn, a ó ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Òjò ọdún kìíní á dé, ògiri á là. Òjò ọdún kejì á dé, ìjì á ṣí páànù. Tí a bá wá béèrè pé ta ló kọ́ ọ, èló ni wọ́n ná, ọjọ́ wo ni wọ́n gbà á, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìwé ti sọnù, tàbí kí ikán ti jẹ ẹ́. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráàyè wọ ibẹ̀. Àìsí àkọsílẹ̀ ni ihò tó wà lára ògiri tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Tí agbaṣẹ́ṣe bá parí ilé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni réception provisoire. Èkejì ni réception définitive, tó sábà máa ń jẹ́ ọdún kan lẹ́yìn àkọ́kọ́. Láàárín méjèèjì, ohun tó bá bàjẹ́ nítorí pé iṣẹ́ kò dára, ọrùn agbaṣẹ́ṣe ló wà, òun ni yóò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n tí a kò bá mọ ọjọ́ tí wọ́n gba ilé, tí ẹnikẹ́ni ò sì ya fọ́tò ògiri tó là, ọdún á yí po, wọn á fọwọ́ sí ìwé, ó parí nìyẹn. Owó wa la ó fi tún un ṣe.

Ibi tí ẹ̀rọ ti wúlò fún wa nìyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹrin ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ wọn ti ń béèrè pé kí ilé tí òun ń náwó sí ní àwòrán àti àkọsílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. BIM ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ń tọ́jú ilé náà lè fi mọ ibi tí páìpù gbà láìfọ́ ògiri.

Ẹ má sọ pé ti òyìnbó nìyẹn. Ní Kyuso, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Oxford fi ẹ̀rọ kékeré sínú ọwọ́ pọ́ǹpù kànga. Bí àwọn èèyàn ṣe ń fa omi, ẹ̀rọ náà ń ka bí ọwọ́ pọ́ǹpù ṣe ń lọ sókè sódò, ó sì ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ bíi mẹ́sáàjì fóònù. Tí pọ́ǹpù bá dákẹ́, wọ́n á mọ̀. Tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ 27 ni pọ́ǹpù tó bàjẹ́ fi ń wà láìṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kò tó ọjọ́ 3 mọ́. Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló ṣe é o. Wọ́n ní àwọn atúnṣe tó ń dúró de ìròyìn náà.

Àwa náà lè fi fóònù tó wà lápò àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀. Irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ KoboToolbox. Ó ń gba àkọsílẹ̀ níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, á sì fi í ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Fún ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ọjà àti fọráàjì kọ̀ọ̀kan, kí a kọ ibi tó wà, ẹni tó kọ́ ọ, owó tí wọ́n ná, ọjọ́ tí wọ́n gbà á, ohun tó bàjẹ́, àti ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe. Kí a fi fọ́tò sí i. A tún lè lẹ àmì QR mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ilé iṣẹ́ Denso Wave ní Jàpáánì ló gbé àmì yìí jáde ní 1994, kí wọ́n lè máa fi tọpa ẹ̀yà ara mọ́tò. Ẹni tó bá gbé fóònù sí i lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé wa á rí ìtàn ilé náà.

Ṣùgbọ́n fóònù kì í kan páànù. Kọmúùnù 77 ló wà ní Bẹ̀nẹ̀. Òfin sì ti gbé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, àti kíkọ́ àti títún ṣe. Láti ìgbà òfin oṣù kejìlá ọdún 2021, secrétaire exécutif ló ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́ kọmúùnù. Ohun mẹ́ta ni kí a béèrè lọ́wọ́ òun àti mẹ́rì. Èkíní, kí wọ́n fún wa ní ẹ̀dà ìwé ilé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbà. Èkejì, kí aṣojú abúlé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ réception définitive, pẹ̀lú fọ́tò wa lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí a sì mọ iye rẹ̀.

Ẹ̀yin ọba wa, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Ẹ má jẹ́ kí àkọsílẹ̀ yìí wà lọ́wọ́ ọmọ kan ṣoṣo. Ọmọ lè lọ sí Kútọnu, fóònù lè bọ́ sómi. Lórúkọ ẹgbẹ́ ni kó wà, kí ẹ̀dà kan wà láàfin, kí a sì máa kà á sétí ìlú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí ẹni tó ń tọrọ ìbò bá dé, ẹ fi hàn án, kí ẹ bi í pé èwo ni yóò kọ́kọ́ tún ṣe nínú àwọn tó ti bàjẹ́, kí ó tó ṣèlérí tuntun.