Kí Ni Ó Wà Nínú Kùrukùru Ọyẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí Òṣìṣẹ́ Ìròyìn bá àwọn àgbẹ̀ sọ ní Ìlọrin

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí ojú sánmà Ìlọrin di funfun, tí oòrùn sì dà bí òṣùpá, ohun tí gbogbo wa máa ń wí ni pé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà ni. Òótọ́ ni, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń gbé eruku wá láti ìhà àríwá, pàápàá láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad. Ṣùgbọ́n ṣé eruku nìkan ni?

Ojú lásán kò lè dáhùn ìbéèrè yìí. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń tọ̀ ni pé wọn a kọ́kọ́ béèrè, wọn a dá àbá, wọn a sì wá ohun tí yóò tú àbá náà fó bí kò bá jẹ́ òtítọ́. Bí èéfín igbó tí a ń sun bá wà nínú kùrukùru náà, kí ni a óò rí tí a kò ní rí bí ó bá jẹ́ eruku nìkan?

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó dáhùn. Èéfín kúnná ju eruku lọ. Ohun tí ó kúnná púpọ̀ a máa dí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró lọ́nà ju ìmọ́lẹ̀ pupa lọ. Ṣùgbọ́n eruku tí kò kúnná tó bẹ́ẹ̀ a máa dí méjèèjì lọ́nà bákan náà. Ní ọdún 1998, a gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin, tí ń kọjú sí oòrùn, tí ó sì ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ AERONET, tí NASA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe olórí ètò rẹ̀ káàkiri ayé. Ìwọ̀n kan náà ni a ń lò níbi gbogbo, kí ẹnikẹ́ni lè yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé eruku àti èéfín ni ó ń dàpọ̀ lórí ìlú wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Síbẹ̀, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè sọ èyí tí ó wà lókè àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, ní oṣù kìn-ín-ní àti oṣù kejì ọdún 2006, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ òfurufú ṣe ìwádìí láti Niamey. Wọ́n sábà ń bá eruku nísàlẹ̀, èéfín a sì wà lókè rẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé èéfín a máa gba ooru oòrùn sára: afẹ́fẹ́ òkè a móoru, ṣùgbọ́n oòrùn tí ó ń dé ilẹ̀ a dínkù.

Ẹ̀yin ará, kò sí ẹni tí ó lè dá eruku Bodélé dúró. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni púpọ̀ nínú èéfín náà ti ń jáde, ó sì ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ wa. Nítorí náà, kí a tó dáná sun pápá, ẹ jẹ́ kí a ro ó dáadáa. Bí ẹnìkan bá sì wí pé ojú ọjọ́ ti yí padà, tàbí pé kò yí padà, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn bi í léèrè pé: kí ni ó wọ̀n, ọdún mélòó ni ó sì fi wọ̀n ọ́n?