Ìlà Inú Ìwé Pupa Kì í Ṣe Máàkì Ìdánwò

 

Àwa nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ yìí ṣàkíyèsí pé àwọn ìlà inú ìwé pupa ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ìyá ní Ìlú Ọba níhìn-ín. Wọ́n wọn ọmọ, wọ́n ní ó wà lórí ìlà 9, ìyá bá rò pé máàkì 9 nínú 100 ni ọmọ òun gbà. Kó tó di alẹ́, wọ́n ti ń fi ẹ̀kọ rọ ọmọ tipátipá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀kọ rírọ léwu: ó lè ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Kí ni ìlà 9? Ẹ jẹ́ ká ní a to 100 ọmọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, láti orí èyí tó fúyẹ́ jù dé orí èyí tó wúwo jù. Bí 9 ni yóò fúyẹ́ ju ọmọ orí ìlà 9 lọ; àwọn yòókù yóò wúwo jù ú. Ìlà 50 ni agbedeméjì. Ẹnì kan kò ní ṣàì wà lẹ́yìn, ara rẹ̀ sì lè le koko.

Àwọn kan ní ọmọ òyìnbó nìkan ni wọ́n fi ya ìlà náà. Rárá o. Láti 2009 ni Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo ti Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọmọ ọ̀sẹ̀ 2 dé ọdún 4. Ọmọ Ghana, Brazil, India, Norway, Oman àti Amẹ́ríkà ni wọ́n wọ̀n, ọmọ tó mu ọmú.

Ìrìn ọmọ ni kí ẹ máa wò. Ọmọ tuntun a máa fúyẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ti padà sí ìwọ̀n ìbí wọn kí ọ̀sẹ̀ 3 tó pé. Lẹ́yìn èyí, ọmọ tó ń bá ìlà 9 rẹ̀ lọ ní tirẹ̀, tó ń jẹun, tó ń ṣeré, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bí sórí ìlà 75, tó wá já sí 25, ẹ má ṣe sọ pé kò tíì kéré. Ẹ tètè gbé e lọ bá dókítà. Bí ó bá kéré nígbà ìbí, tó wà lábẹ́ ìlà 9, àlàfo ìlà kan ṣoṣo tó bá já tó láti bèèrè. Èyí tó bá sì wà lábẹ́ ìlà 2, bó ti wù kí wọ́n bí i, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ máa mú ìwé pupa dání nígbà gbogbo. Bí ìlà kan kò bá yé yín, ẹ bi wá.

Àwọn ọmọ yóò gbẹ̀yìn wa o.