Ìtọ́jú Ọkọ̀ Tó Ti Rìn Jìnnà: Ká Tún Un Ṣe Kó Tó Bàjẹ́

 

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè tọ́jú ọkọ̀ àgbà. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń wa ọkọ̀ àgbà láti Awada lọ sílé, tí mo sì ń wà á padà. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí bí a ṣe débí. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì ń to Volkswagen pọ̀ ní Èkó. Láyé ìgbà náà, òṣìṣẹ́ ìjọba lè yáwó ra ọkọ̀ tuntun, kí wọ́n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò SAP ti 1986, ọwọ́ wa kò tó ọkọ̀ tuntun mọ́, tọ́kùnbọ̀ sì gbòde. Láti 2023 tí náírà tún ti já, tọ́kùnbọ̀ pàápàá ti di ohun tí ẹni tó fẹ̀yìn tì ń wò lókèèrè. Ohun tó kù fún ọ̀pọ̀ wa ni ká tọ́jú èyí tó wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá: ọkọ̀ àgbà kì í kú lójijì. Ó máa ń ránṣẹ́ ṣáájú. Àwa ni a kì í fẹ́ gbọ́.

Ẹ gbọ́ tèmi. Ní oṣù Kejìlá 2011, mo rí i pé omi ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ mi láràárọ̀. Mẹkáníìkì mi wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, rọ́bà tó ń gbé omi lọ sí rédíétọ̀ ti rọ̀, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀." Owó rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Mo ní ó di ìgbà tí a bá ti ọdún dé. Mo ń bu omi sí i lójoojúmọ́. Èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta gbéra lọ sílé. A kọjá Asaba, a kọjá Agbor, a kọjá Benin. Lẹ́yìn Ofosu, mo rí i tí abẹ́rẹ́ tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn gùn dé òkè. Mo ní n ó kúkú wà á dé Ore. Ìyẹn ni àṣìṣe mi kejì. Ọkọ̀ kú sínú igbó, a sì jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kí awakọ̀ akẹ́rù kan tó fà wá dé Ore. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, orí ẹ́ńjìnnì ti wọ́. Owó tí mo fi ra ẹ́ńjìnnì tọ́kùnbọ̀ lè ra irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ ọgọ́rin. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló dùn mí jù. Àbíkẹ́yìn mi bi mí nínú òkùnkùn bóyá olè máa wá, mi ò sì ní èsì kankan fún un. Kò sẹ́ni tí mo lè bá wí, èmi tí wọ́n ti sọ fún ni.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò.

Ìkíní, omi. Omi lásán ń hó ní ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú rédíétọ̀ tí ìdérí rẹ̀ dára, kì í hó títí yóò fi kọjá 115, nítorí pé ìdérí náà ń há agbára ooru mọ́ inú. Bí ìdérí bá ti jẹ, omi á tètè hó. Kúláǹtì ni kí ẹ lò, torí omi ẹ̀rọ lásán ń mú kí inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà. Bí abẹ́rẹ́ ìgbóná bá ń gùn lójú ọ̀nà, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ tan híítà kó lè fa díẹ̀ nínú ooru kúrò, ẹ wá ibi tó dára dúró sí, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣí rédíétọ̀ nígbà tó gbóná. Ó ti bó ọ̀pọ̀ èèyàn lójú.

Ìkejì, ọ́ìlì. Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, kí ẹ tó ṣíná, ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ ní ilẹ̀ títẹ́jú. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́. Fún ọkọ̀ àgbà lójú ọ̀nà eléruku wa, mo máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀ ní kìlómítà 5,000.

Ìkẹta, táímìn bẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọkọ̀ kan ń lo rọ́bà, àwọn mìíràn ń lo ṣéènì. Camry 1997 sí 2001 tó ní ẹ́ńjìnnì 2.2 ń lo rọ́bà, Camry 2002 tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4 ń lo ṣéènì. Ẹ bi mẹkáníìkì yín léèrè èwo ni tiyín. Rọ́bà yìí kì í pariwo kó tó já. Bí ó bá ti tó kìlómítà 90,000 sí 100,000, tàbí tí ẹ kò mọ ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìkẹrin, bíréèkì. Omi bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́. Bí ó bá ti gbó, ó lè hó nígbà tí ẹ bá ń tẹ bíréèkì léraléra, ẹsẹ̀ yín á sì rì wọlẹ̀ láìsí ìdádúró. Lọ́dún méjì méjì ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìkarùn-ún, táyà. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn DOT lára táyà. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà lè ní eyín tó gbó dáadáa, kí rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó.

Ní ti rírà, Ọlọ́run ṣe é, Mgbuka wà ní Obosi lẹ́bàá wa fún àlòkù, Nkpor wà fún tuntun. Ilẹ̀kùn, gíláàsì àti iná lè jẹ́ àlòkù. Bíréèkì páàdì, bẹ́ẹ̀tì, rọ́bà omi àti táyà kò gbọdọ̀ jẹ́ àlòkù. Ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání lọ sọ́jà, kí ẹ lè fi wéra.

Níkẹyìn, ẹ ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀. Èmi òṣìṣẹ́ ìjọba, fáìlì ni mo mọ̀. Wọ́n lè ti yí òǹkà kìlómítà tọ́kùnbọ̀ yín padà sẹ́yìn kí ẹ tó rà á, ìwé yín ni yóò sọ òótọ́: ọjọ́, kìlómítà, ohun tí ẹ pààrọ̀, iye owó. Ẹ máa ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún ọkọ̀, bí ẹni dá èsúsú. Tí ìrìn àjò ọdún bá sì kù ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ má dúró di àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, nígbà tí mẹkáníìkì ń kánjú.

Wọ́n ti ṣí afárá kejì lórí odò Ọya ní 2023, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n afárá kò lè tún ọkọ̀ ẹnikẹ́ni ṣe. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ yín lọ́la, kí ẹ tó ṣíná.

Ọlọ́run á máa sìn wá lọ, á máa sìn wá bọ̀.